Igbó tó yí Oslo ká: ó lólówó, síbẹ̀ gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́

Ní Oslo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 1 láti àárín ìlú yóò dé Frognerseteren láàárín bí ìṣẹ́jú 30. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń parí sí, ibẹ̀ náà ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ yẹn ló máa ń gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì dání. Síkì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á so ó mọ́ bàtà, wọ́n á sì fi máa yọ̀ lọ lórí yìnyín tó bo ilẹ̀, funfun báláú.

Marka lorúkọ gbogbo igbó tó yí ìlú náà ká. Ó fẹ̀ tó bí 1,700 kìlómítà onígun mẹ́rin. Apá àríwá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nordmarka ló gbajúmọ̀ jù.

Síkì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn sábà máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, tí eléré á máa já ṣòòròṣò bọ̀ láti orí òkè. Ìrìn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn tó ń mú èèyàn làágùn nínú òtútù ni. Iwájú bàtà nìkan ni wọ́n so mọ́ pákó, gìgísẹ̀ ń gbéra sókè, ọwọ́ méjèèjì sì di ọ̀pá mú. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Skiforeningen, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1883, ló ń bójú tó ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi ń fa ipa méjì sí i kí síkì lè máa bá a lọ tààrà. Àwọn ọ̀nà kan tún ní iná, kí ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ má baà pàdánù eré tiẹ̀.

Àmì ara igi yẹ kó yé àlejò dáadáa. Búlúù ni ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nígbà ooru, pupa ni ti síkì. Ẹni tó bá tẹ̀lé pupa nígbà ooru lè ṣàdédé bá ara rẹ̀ létí omi tàbí nínú àbàtà, torí pé orí adágún tó ti dì gan-an ni àwọn ọ̀nà síkì míì gbà kọjá.

Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé igbó yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ìdílé Løvenskiold ló ni apá tó pọ̀ nínú Nordmarka, wọ́n ń gé gẹdú níbẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Síbẹ̀ kò sí géètì, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ọdún 1957 fún ẹnikẹ́ni láyè láti rìn nínú igbó, kó já èso igbó, kó he olú, kó sì pàgọ́ sùn, bí àgọ́ bá ti jìn tó mítà 150 sí ilé tí èèyàn ń gbé. Oko tí wọ́n ń dá kò sí lára rẹ̀, àyàfi nígbà òtútù tí ilẹ̀ bá ti dì tàbí tí yìnyín bá bò ó. Láti April 15 sí September 15, a kì í dáná nínú igbó tàbí nítòsí rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àtiwọ igbó jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ kí igbó máa wà jẹ́ òmíràn. Ìlú ń fẹ̀, ilẹ̀ etí igbó sì ni gbogbo ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń wò. Láti ìgbà pípẹ́ ni ará ìlú ti ń jà fún un. Lọ́dún 1946, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn jáde láti tako wáyà iná ńlá tí wọ́n fẹ́ gbé gba inú Nordmarka. Ó tó ọdún 63 lẹ́yìn náà, ní 2009, kí òfin tó fa ààlà yí Marka ká: ilé tuntun kò gbọdọ̀ kọjá ààlà yẹn, àfi ìwọ̀nba ohun tí òfin yọ̀ǹda.

Eré nìkan kọ́ ni wọ́n ń dáàbò bò. Adágún Maridalsvannet, tó ń gba omi láti inú igbó yìí, ló ń pèsè nǹkan bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún omi tí Oslo ń mu. Nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kí oòrùn mú tó.

Òfin 2009 kò dá gẹdú gígé dúró, ìyẹn ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ títí di òní. Àwọn tó ń rìn nínú igbó fẹ́ igi tó ti dàgbà, onígẹdú sì ń wo ọjà. Wọ́n ti fi àwọn apá kan sábẹ́ òfin tó le ju ìyẹn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Østmarka ní ìlà-oòrùn ìlú, tí apá kan rẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 2023.

Ti yìnyín ló wá ṣòro. Òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àsìkò síkì sì ń kúrú, pàápàá níbi tí ilẹ̀ kò ga. Láwọn ibòmíì, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tú omi jáde kó di yìnyín. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀ ní àárín ìlú, èrò ṣì máa ń gbé síkì wọn wọ ọkọ̀ nọ́ńbà 1, nítorí pé Frognerseteren ga tó mítà 469, yìnyín sì lè wà níbẹ̀.