Kí Ẹ Tó Gbéra Lọ sí Ọ̀dàn Pendjari

Ní Lagbé, lábẹ́ Ifangni, ènìyàn kì í rìn jìnnà kí ó tó rí ilé. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, yóò tọrọ omi. Bí ó bá ṣìnà, yóò béèrè ọ̀nà. Ọ̀dàn Pendjari kò rí bẹ́ẹ̀.

Igbó ọba ni Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lẹ́bàá ààlà Burkina Faso. Láti Lagbé dé Tanguiéta, ìlú tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó lé ní 500 kìlómítà. Ní ọdún 2017, UNESCO kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Erin, kìnnìún, ẹfọ̀n àti erinmi ń gbé inú rẹ̀. Ó yẹ kí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ fojú rí i.

Ṣùgbọ́n ẹranko nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn agbébọn jí àlejò méjì ará Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu àwọn ẹ̀ṣọ́ ní igbó ọba W, ní àríwá yìí kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò.

Nítorí náà, ìbéèrè ni ìmúrasílẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn alábòójútó igbó náà àti àwọn agbófinró. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ jókòó sílé.

Bí wọ́n bá gbà, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ lọ, nítorí òjò máa ń ba ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé omi tí yóò tó yín mu, kí ẹ sì fi òmíràn lé e. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Ẹ mú afinimọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àyàfi bí ó bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀.

Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Tanguiéta kíákíá.

Tẹlifóònù kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo nínú ọ̀dàn. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ óò gbà àti ọjọ́ tí ẹ óò padà fún ará ilé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí wọn kò gbúròó yín, wọn yóò mọ ibi tí a ó ti wá yín.