ÌWÉ GBÈSÈ TÍ BÀBÁ MI FI SÍLẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni ńlá. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, ẹni tí ó ta obì gbàǹja ní Agége láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò kọ́ ilé alájà, kò ra ọkọ̀, kò sì dé Mẹ́kà. Bí àwọn ènìyàn bá fẹ́ yẹ́ ẹ sí, tí wọ́n pè é ní Alájì, a máa dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má fi oyè tí n kò jẹ pè mí. Bàbá Olóbì ni mí." Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú ní ọdún 1996, ó fi ohun kan sílẹ̀ fún àwa ọmọ rẹ̀, tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣòwò nínú wa gbọ́ nípa rẹ̀. Ìwé kékeré kan ni, ìwé gbèsè.

Kí n tó sọ ti ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òwò náà, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń rí obì lórí àtẹ kò mọ iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1901 ni ọ̀nà reluwé ti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba Agége kọjá. Ní ọdún 1912 ni a ṣí i títí dé Kánò. Bẹ́ẹ̀ ni Agége ṣe di ọjà obì, tí àwọn Hausa ń ti òkè ọya wá rà á, nítorí pé gbàǹja kì í hù ní ilẹ̀ wọn, wọn kì í sì í fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ láìsí i.

Bàbá mi a máa lọ sí àwọn oko ní agbègbè Ìfọ̀ àti Rẹ́mọ láti ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, pàápàá láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá tí obì máa ń pọ̀. Bí ó bá kó o dé ilé, a ó rẹ ẹ́ sínú omi títí awọ funfun ara rẹ̀ yóò fi rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì tẹ́ ẹ kí omi lè gbẹ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó jókòó láti ṣà á. Ṣíṣà yìí ni gbogbo òwò náà dúró lé, nítorí pé kòkòrò a máa wọ inú obì láti oko wá, ihò rẹ̀ sì lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Èyí tí kòkòrò bá ti jẹ, ọ̀tọ̀ ni a ń kó o sí, owó pọ́ọ́kú ni a sì ń tà á. Èyí tí ó dára ni a ń kó sínú agbọ̀n tí a ti fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú, kí obì má baà gbẹ. Hausa tí ó rà á lọ́wọ́ wa kì í tú agbọ̀n náà títí yóò fi dé ilé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó dì í nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọdún 1986, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo ń ti ilé kéwú bọ̀ wá ran bàbá mi lọ́wọ́, mo ṣe ohun kan tí ojú rẹ̀ ń tì mí títí di òní. Agbọ̀n kan ṣẹ́ kù tí kò kún, awakọ̀ akẹ́rù sì ti ń fọn fèrè. Mo bu obì tí kòkòrò ti jẹ, mo dà á sí àárin, mo fi èyí tí ó dára bò ó lórí, mo sì fi okùn dì í. Mo rò pé mo gbọ́n. Bàbá mi dé, ó gbé agbọ̀n náà wò, ó ní ó fúyẹ́. Ó tú u, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì bu obì oníhò jáde.

Kò nà mí. Ó ní kí a sọ agbọ̀n méjèèje tí mo dì lọ́jọ́ náà kalẹ̀, kí a tún gbogbo wọn ṣà. Ọkọ̀ lọ, ó fi wá sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi dúró de òmíràn, iye tí wọ́n ń ra obì sì ti já wálẹ̀ kí ẹrù wa tó dé ọjà. Inú bí ìyá mi gidigidi. Ohun tí bàbá mi sọ kò ju èyí lọ: "Ẹni tí yóò jẹ obì yìí ní òkè ọya, n kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá rẹ́ ẹ jẹ, níbo ni mo ti fẹ́ rí i kí n tọrọ àforíjì, bí kò ṣe níwájú Ọlọ́run?"

Nígbà náà n kò tíì ka ìwé hádíìsì. Ìgbà tí mo kà á ni mo rí i pé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìmáàmù Muslim gbà á wá pé Ànábì kọjá lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó kó oúnjẹ jọ fún títà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè kí ènìyàn lè rí i, ó sì là á yé e pé ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kò sí lára tirẹ̀. A sì ń sọ ìtàn Ìmáàmù Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ tí ó kú ní ọdún 767, tí ó jẹ́ oníṣòwò aṣọ ṣẹ́dà ní ìlú Kufa. Ó kó aṣọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣòwò, ó sì ní kí ó fi àbùkù tí ó wà lára ọ̀kan han ẹni tí yóò rà á. Onítọ̀hún gbàgbé, ó tà á. Nígbà tí wọn kò rí ẹni tí ó rà á mọ́, Abu Hanifa fi owó ọjà náà ṣe sàráà.

Bàbá mi kò lọ sí ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì. Kéwú ni ó kà, ànjẹ̀mí ni ó sì fi ń kọ ìwé gbèsè rẹ̀, èyíinì ni pé ó ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Láti apá ọ̀tún ìwé náà ni ó kọ orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè sí. Láti apá òsì, orúkọ àwọn tí òun jẹ. Ó kọ ọjọ́, ó kọ iye, ó kọ ẹlẹ́rìí. Bí mo bá bi í pé kí ló dé tí ó ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó báyìí, a ní kí n lọ wo àáyà tí ó gùn jùlọ nínú Alukurani, kí n wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ìrun ni ó sọ tàbí ọ̀rọ̀ àwẹ̀. Mo wò ó: Suratul Bakara, àáyà 282. Ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Alàmísì kan ni bàbá mi kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹbí jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ pé bàbá wa kò dé Mẹ́kà, bí a kò bá sì ṣe fídáù rẹ̀ kí Agége mọ̀, ayé yóò sọ pé kò bímọ. Wọ́n ti yan aṣọ, wọ́n ti dúnàádúrà màlúù méjì. Owó tí ó wà nínú àpótí bàbá wa ni wọn yóò fi ṣe é. Mo bẹ̀ wọ́n kí a kọ́kọ́ ka ìwé náà, nítorí pé èmi nìkan ni mo lè ka ànjẹ̀mí nínú àwa ọmọ.

Mo ka apá ọ̀tún. Ènìyàn mọ́kànlélógún ni ó jẹ bàbá wa lówó. Ojú ẹ̀gbọ́n mi dán. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án nínú wọn, bàbá ti fa ìlà sí orúkọ wọn, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé òun ti yọ̀ǹda rẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Opó wà nínú wọn, ẹni tí ilé rẹ̀ jóná wà nínú wọn. Mo wá ka apá òsì. Bàbá wa jẹ àgbẹ̀ méjì ní Rẹ́mọ. Ó sì jẹ Hausa kan, ará Kánò, tí ó san owó agbọ̀n obì mẹ́ta sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí ó padà sílé láìgba ẹrù, tí kò sì wá mọ́. Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, díẹ̀ ni ó kù kí ó tó owó tí ó wà nínú àpótí.

Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìwọ Àáfà, ta ni ó mọ Hausa yìí? Ṣé ó wá béèrè ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kò wá béèrè. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàbá fi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Nínú Suratun Nisai, àáyà 11 àti 12, Ọlọ́run Ọba pín ogún, Ó sì ń tún un sọ léraléra pé lẹ́yìn àsọsílẹ̀ òkú àti gbèsè ni. Bí àwọn onímọ̀ ti tò ó nìyí: owó ìsìnkú ni àkọ́kọ́, gbèsè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni àsọsílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó kù lọ, ìyókù ni ogún. Màlúù kò sí nínú rẹ̀, aṣọ ẹbí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n gbé òkú kan wá sọ́dọ̀ Ànábì rí, ó béèrè bóyá gbèsè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ó ń bẹ. Kò kírun sí i lára títí Abu Katada fi sọ pé òun gbà á láti san.

Ìyá wa ni ó parí ìjà. Ó ti dákẹ́ láti àárọ̀. Ó ní, "Ẹ ti gbàgbé agbọ̀n méje ọjọ́sí? Ọkọ̀ lọ, ó fi wá sílẹ̀, ebi kò sì pa yín kú. Ẹ lọ san gbèsè bàbá yín."

Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn àáfà wá, a ka Alukurani, a ṣe àdúà, a fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣe sàráà. Àwọn kan fi wá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Rẹ́mọ, a sì bá ọkọ̀ obì lọ sí Kánò. Hausa náà ti kú. Ọmọ rẹ̀ ni a bá lórí obì, kò sì mọ ohunkóhun nípa owó náà. Nígbà tí a kà á lé e lọ́wọ́, ó wò wá títí, ó pe àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣe àdúà fún Bàbá Olóbì tí wọn kò rí rí. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó fẹ́ màlúù méjì ni ó kọ́kọ́ sunkún. Òun ni ó sì ń di obì ránṣẹ́ sí ọmọ Hausa náà títí di òní, wọn kì í tú agbọ̀n rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kọ gbèsè yín sílẹ̀, èyí tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín. Bí ó bá ṣe inú fóònù ni ẹ kọ ọ́ sí, ẹ jẹ́ kí aya tàbí ọmọ kan mọ bí a ti ń ṣí i. Ẹ̀yin ọmọ òkú, ẹ má ṣe fi owó olówó se àsè. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ènìyàn ní oúnjẹ, kí ó mú un láti inú àpò ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́rùn òkú. Ànábì ti kọ́ wa pé bí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin àfi mẹ́ta: sàráà tí àǹfààní rẹ̀ kò tán, ìmọ̀ tí a ń lò, àti ọmọ rere tí ń ṣe àdúà fún un. Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ ọmọ náà.

Kí Ọlọ́run forí jin bàbá mi, kí Ó forí jin gbogbo òbí wa tí ó ti ṣíwájú, kí Ó má sì jẹ́ kí a gbé gbèsè lọ sí ọ̀run. Àmín.