Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń ṣe gáàsì nínú ikùn màlúù?

Ẹni bá ti dé ọjà Gariki ní Enugu á ti rí màlúù tó ń jẹ àpọ̀jẹ, tó sì ń gùfẹ̀. Gáàsì methane ló ń tú jáde yẹn.

Màlúù kọ́ ló ṣe é o! Archaea ni: ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí. Háídrójìn àti carbon dioxide ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bakitéríà la kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ní 1977, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Carl Woese àti George Fox yẹ RNA wọn (ẹ̀dà DNA inú sẹ́ẹ̀lì) wò ní Amẹ́ríkà: ìran ọ̀tọ̀ ni wọ́n! Kódà, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da DNA kọ sí RNA jọ tiwa ju ti bakitéríà lọ.

Ẹ po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé, archaea inú ìgbẹ́ náà á ṣe gáàsì ìdáná fún yín. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Nsukka ń ṣèwádìí gáàsì yìí.