Owó-Orí Ilé, Ìtanràn àti Àwọn Káńsù Etí Ìbàdàn

Owó-orí ilé, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ń pè ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì réètì, ni owó tí onílé ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí iye tí ilé náà lè mú wọlé bí wọ́n bá fi háyà. Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fi dídíwọ̀n ilé àdáni fún owó yìí sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, tí ó sì fi iye tí wọn yóò máa gbà sí abẹ́ àṣẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1998, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ Knight Frank and Rutley pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé iṣẹ́ káńsù ni. Ìtanràn ni àfikún tí òfin ń gbé ka orí owó náà bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá. 

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀, ìbéèrè nípa ohun tí káńsù lè fúnra rẹ̀ pa wọlé ti di èyí tí kò ṣeé gbójú fò. Ó kan àwọn káńsù etí Ìbàdàn, bí Akínyẹlé tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Mọníyà, Lágelú tí tirẹ̀ wà ní Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá, àti Ọ̀nà-Àrà tí Akànrán jẹ́ olú ìlú rẹ̀, gan-an. Oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ń jẹ oko lọ, pàápàá ní Mọníyà tí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Èkó bọ̀ ń dúró sí. Ibi tí ilé ti ń yọ kíákíá báyìí, ó rọrùn fún aláṣẹ láti rò pé ìtanràn lè di orísun owó.

Òfin owó lílo ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó fi bí ìtanràn ṣe ń ga hàn kedere. Nínú ẹ̀dà ọdún 2018, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ báyìí, ẹni tí ọjọ́ 45 bá kọjá lórí ìwé ìbéèrè owó rẹ̀ yóò fi ìdámẹ́rin lé e, ẹni tí ó bá kọjá ọjọ́ 75 yóò fi ìdajì lé e, ẹni tí ó bá sì kọjá ọjọ́ 105 yóò san ìlọ́po méjì, débi pé owó ilé tí ó jẹ́ ₦20,000 yóò di ₦40,000 kí oṣù mẹ́rin tó pé. Lórí ìwé, owó ńlá ni. Àmọ́ ní ọdún 2020, ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ fi ìtanràn ọdún 2017, 2018 àti 2019 ji àwọn onílé, iye tí ó sì lé ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà ló lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ₦20,000 kò lè rí ₦40,000 san. Nítorí náà, ìtanràn tó ga ń wúwo nínú ìwé ìṣirò, kì í sì í wọ àpò.

Níbi tí ó bá ti wọ àpò, ó lè di ìrẹ́jẹ. Ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, ìyá àgbà kan, Geraldine Tyler, jẹ owó-orí ilé bíi dọ́là 2,300, èlé àti ìtanràn tí ó gun orí rẹ̀ sì tó dọ́là 13,000. Ìjọba àgbègbè Hennepin ta ilé náà ní dọ́là 40,000, ó sì kó gbogbo rẹ̀ mì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gbogbo adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ìjọba kò gbọdọ̀ gbà ju gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́ lọ.

Àwọn abúlé etí Ìbàdàn kò nílò ẹ̀kọ́ láti òkè òkun lórí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1968, nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan mọ́ lójú àgbẹ̀, tí owó-orí kò sì dín kù, àwọn agbowó-orí àti akódà ń wọ abúlé láti mú ẹni tí kò bá ní rìsíìtì lọ́wọ́. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Mápó ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Gómìnà ológun Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà, síbẹ̀ ìjà àwọn àgbẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, tún le sí i ní ọdún 1969, wọ́n sì ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30, ni àwọn yóò san. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, ní Akànrán ni ìjà tó rọlẹ̀. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ béèrè ṣe pàtàkì: yàtọ̀ sí pé kí owó-orí dín kù, wọ́n ní kí wọ́n dẹ́kun fífi ipá gba owó, kí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tí ń kó abúlé nífà kúrò, kí wọ́n sì tún ọ̀nà abúlé ṣe. Wọn kò sọ pé àwọn kò ní san owó-orí rárá. Iye tí wọ́n lè san ni wọ́n dárúkọ.

Ní ti ìtanràn lórí owó omi àti iná, tí káńsù tún lè fojú sí, ọ̀rọ̀ kò gùn. Omi ẹ̀rọ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ omi ìpínlẹ̀, iná sì wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ apínnáká IBEDC láti ọdún 2013, nítorí náà owó àtúnso tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n já iná rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ káńsù. 

Owó-orí ilé nìkan ló wá kù, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè pẹ́ san owó tí ẹnikẹ́ni kò fi ìwé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé, nọ́ńbà ojúlé, ìwé ìbéèrè tí ó ní déètì àti ibi tí onílé lè gbé ẹ̀hónú lọ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtanràn, kí ìtanràn náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rọrùn láti san ju láti sá fún lọ. Kí onílé tí wọ́n bá ká mọ́lé fún ìtanràn béèrè ìwé yẹn kí ó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, nítorí òfin ọdún 1998 tí ó to orúkọ àwọn owó-orí lẹ́sẹẹsẹ kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe aláṣẹ owó-orí láti gba owó náà, ó kà á léèwọ̀ kí wọ́n dí ọ̀nà nítorí rẹ̀, ó sì fi owó ìtanràn ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá rú u.