OKO ÌJỌ: Ẹ̀FỌ́ FÚN ILÉ TÍ KÒ NÍ



Bí ilẹ̀ bá ṣófo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, koríko ni yóò hù níbẹ̀. Bí ìjọ bá kọ ebè díẹ̀ síbẹ̀, opó àti arúgbó yóò rí ẹ̀fọ́ sebẹ̀. Kì í ṣe àjèjì: ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba wa ń bẹ̀ ni. Ní Àjàṣẹ́, àlùfáà Godfrey Nzamujo bẹ̀rẹ̀ oko Songhai lórí hẹ́kítà kan péré ní 1985. Ó ti di ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ńlá.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Ẹ gbin ohun tó tètè jáde: tẹ̀tẹ̀ ṣeé fà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, ewédú ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù a máa jó ọ̀gbìn. Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ẹ yan ọjọ́ iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ayé kì í ní olùṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ díẹ̀ láìbomirin ti tó láti pa ewé.

Pínpín ló le jù. Ẹ má pe aláìní síwájú ìjọ wá gba ẹ̀fọ́. Ìtìjú lè mú kó fi ebi sùn. Ẹ fi ọmọdé rán an lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó lágbára nínú wọn, ẹ pè é sídìí ebè, kó lè jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ire oko á kárí o.