Ètò Linux Tí Ó Yẹ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Tí Ó Ti Gbó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dẹ́kun àtúnṣe tí ó ń ṣe sí Windows 10, àfi fún àwọn tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń bèèrè RAM tí ó tó 4 GB, ó tún ń bèèrè ẹ̀yà ààbò kékeré kan tí a ń pè ní TPM 2.0, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò sì lè kájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹlòmíràn ti lò wọ́n gbó ní ìlú òyìnbó kí wọn ó tó dé Èkó, kí wọn ó tó dé Ìlaró, kí wọn ó tó wá dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìhùnbọ̀. Olùkọ́ tí a bá rán lọ sí ilé-ìwé kékeré kan létí ibodè lè má ní òmíràn ju irú èyí lọ tí yóò fi kọ ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́, tí yóò sì fi pa máàkì àwọn ọmọ mọ́. Bí ó bá jù ú nù, owó oṣù mélòó ni yóò fi ra tuntun? Bí ó bá sì ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀ láìsí àtúnṣe, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún olè.

Linux jẹ́ ètò adarí, èyíinì ni ètò tí ó ń jí ẹ̀rọ dìde, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ nígbà náà ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé e jáde fún aráyé, kò sì pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi ní àṣẹ láti lò ó, láti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, àti láti ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọkàn ètò nìkan ni ó kọ. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń fi ara àti aṣọ wọ̀ ọ́, oníkálukú bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí orúkọ fi pọ̀: Debian, Ubuntu, Mint, Puppy, antiX, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. (Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ọdún 2013, Android ni ó ń darí rẹ̀, orí ọkàn Linux kan náà ni Android sì dúró lé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti lo Linux láìmọ orúkọ rẹ̀.)

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni èwo ni ó fúyẹ́ jù. Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òmíràn ṣáájú rẹ̀: àwọn wo ni ó ń tọ́jú ètò náà, yóò sì ti pẹ́ tó tí wọn yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde wí pé a ti yan Linux tiwọn fún kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 tí Intel pè ní Classmate, tí a fẹ́ kó fún àwọn ilé-ìwé ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí a tún gbọ́ wí pé alágbàṣe tí ó ń pèsè wọn fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àjọ ìjọba USPF, tí ó ń san apá kan nínú owó náà, sọ wí pé Mandriva ni àwọn yóò lò. Àríyànjiyàn náà dé inú ìwé ìròyìn òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá wọlé. Àwọn kan tí wọ́n ti yà kúrò lára rẹ̀ láti 2010 ń bá irú iṣẹ́ náà lọ lábẹ́ orúkọ Mageia, ṣùgbọ́n báwo ni tíṣà tí ó wà ní abúlé yóò ti mọ̀?

Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe ń yin Debian. Láti ọdún 1993 ni ó ti wà. Kò sí ọ̀gá kan tí ó ni ín, tí ìgbèsè rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ń ṣe é. Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì ti ṣètò àtúnṣe rẹ̀ títí di ọdún 2030.

Kí á tó yàn, ó yẹ kí á mọ ẹ̀rọ wa. Nínú Windows, bí a bá ṣí Settings, tí a wọ System, tí a sì wọ About, a óò rí ohun méjì níbẹ̀: iye RAM, àti bóyá ẹ̀rọ náà jẹ́ 64-bit tàbí 32-bit. Ẹ mú bit bí agbọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń ru ẹrù. Agbọ̀n 32 ti àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kéré, ọ̀pọ̀ ètò ni kò sì ṣe ẹrù fún un mọ́. Ẹ̀ka pàtàkì Mint fi í sílẹ̀ ní 2020, Debian 13 pàápàá kò sì ṣe é fi bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, Debian 12 ni kí ó mú, nítorí àtúnṣe rẹ̀ yóò dé oṣù kẹfà ọdún 2028.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 64-bit, tí RAM rẹ̀ sì tó 4 GB, Mint tí ó ní ojú Xfce ni ó rọrùn jù fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára. Bí ó bá jẹ́ 2 GB, Debian pẹ̀lú ojú LXQt. Bí ó bá jẹ́ 1 GB péré, antiX, tí a kọ́ sórí Debian, ni yóò lè gbé. Ní ti Puppy, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, inú RAM ni ó sì máa ń sá wọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún yíyọ ìwé jáde nínú ẹ̀rọ tí kò jí mọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbé e fún ọ̀gbẹ̀rì láti máa lò, nítorí ó máa ń fún ẹni tí ó bá jókòó sí i ní gbogbo àṣẹ ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ, kò sí ètò tí yóò mú Firefox fúyẹ́. Ẹni tí ó bá ṣí ojú ewé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan lórí 2 GB, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò máa mí gúlegúle. Bí owó díẹ̀ bá sì wà, kí á fi SSD rọ́pò hard disk àtijọ́. Èyí lè mú ẹ̀rọ yá ju bí a ṣe ń pààrọ̀ ètò kiri lọ.

Ohun kan dùn mọ́ mi púpọ̀ nínú Linux: a lè tọ́ ọ wò kí á tó gbé e mì. A óò kọ ètò náà sórí fláàṣì 8 GB, a óò sì jí ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà, láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí á wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ń jí padà lẹ́yìn tí a bá ti ìdérí rẹ̀ pa, tí a sì tún un ṣí. Wi-Fi ni ó máa ń fa wàhálà jù lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Nítorí pé òfin gba àdàkọ, ẹnì kan nínú yàrá lè fi dátà rẹ̀ gbà á, kí gbogbo wa sì fi fláàṣì pín in.

Níbi ètò bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, bí a bá yan Nigeria, a óò rí Yorùbá níbẹ̀, a ó sì lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ bí ó ti yẹ, kí ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ èdè wa má baà jáde láìní àmì abẹ́. LibreOffice ni a óò fi kọ ọ́. Kí á tó gbé e lọ fún àwọn tí ń tẹ̀wé, kí á sọ ọ́ di PDF, nítorí pé Word tiwọn lè da ìlà rẹ̀ rú. Àwọn ètò ìdánrawò JAMB tí a ń tà fún kọ̀ǹpútà, Windows ni a ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ẹni tí ó bá nílò wọn, kí ó fi Windows sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Linux, bí àyè bá gbà á.

Nígbà tí a bá ti pinnu láti fi ètò náà sínú ẹ̀rọ pátápátá, yóò bi wá bóyá kí òun pa gbogbo ohun tí ó wà lórí díìsì rẹ́. Kí á tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kí á ti kó ìwé ìmúra-ẹ̀kọ́ àti máàkì àwọn ọmọ sórí fláàṣì mìíràn, kí á sì ti ṣí wọn wò lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn.