Ta Ló Ṣe É? Ọ́tísíìmù, Bàbá Ọmọ, àti Ìbéèrè tí Ọ̀tà Kò Yé Bèèrè

Ní Ọ̀tà, bí ọmọ bá ń lọ sí ọdún mẹ́ta tí kò tíì pe bàbá tàbí màmá, ẹbí kì í kọ́kọ́ bèèrè pé kí ló ń ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé ta ló ṣe é. Ìlú yìí kúkú ti lórúkọ tẹ́lẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ẹsẹ Ifá ti sọ Ọ̀tà di ibùdó àwọn Ìyà Mi, ìyẹn àwọn àjẹ́, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, débi pé ẹni tí kò gba abẹ́ bíríìjì Ṣàngó kọjá rí pàápàá á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí o bá ní Ọ̀tà lò ń gbé. Nítorí náà, ìyá àgbà ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bí ìyá àgbà bá bọ́ níbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ìyàwó: kí ló jẹ nígbà tó lóyún, ọ̀sán gangan wo ló rìn, ta ló bá jà lọ́jà?

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọkùnrin mi ní ọ́tísíìmù, Ìyànà Ìlògbò la sì ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé àwa nìkan la máa ń di ẹ̀bi ru ìyá, kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chicago.

Ní 1943, Leo Kanner, dókítà ọpọlọ tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa ọmọ 11 tó jẹ́ pé àtidáwà ló wù wọ́n, tí ìyípadà kékeré máa ń dà láàmú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ṣàjèjì. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ka ìtàn ọ́tísíìmù sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà obìnrin kan ní Moscow, Grunya Sukhareva, ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láti 1925. Nígbà tó yá, Kanner ní òun ṣàkíyèsí pé ara àwọn òbí wọn kò yá mọ́ ọmọ, ó sì fi ilé wọn wé fíríìjì. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Bruno Bettelheim, tó darí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ọkàn wọn dàrú ní Yunifásítì Chicago, gbé ìwé kan jáde ní 1967 tó fi sọ pé ìyá tí kò fẹ́ ọmọ rẹ̀ dénú ló ń sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó gbà á gbọ́, wọ́n sì ń ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá kí ara rẹ̀ lè dá. Níhìn-ín wọ́n ń pe obìnrin ní àjẹ́, lọ́hùn-ún wọ́n ń pè é ní fíríìjì. Èmi kò rí èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Bàbá ọmọ kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde láti tú àwọn ìyá sílẹ̀. Bernard Rimland jẹ́ onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tó ń bá ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ní San Diego. Ní 1956, wọ́n bí Mark ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ń ké tọ̀sán-tòru, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun mọ́ra. Ìyàwó Rimland ló rántí ohun kan tó ti kà nínú ìwé kan nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n wá ìwé náà jáde, wọ́n sì rí ọmọ wọn nínú rẹ̀. Rimland wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìwádìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀. Ní 1964, ó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde: bí a ṣe dá ọpọlọ ọmọ ló fa ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe bí ìyá ṣe gbé e mọ́ra. Kanner fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, nígbà tó sì di 1969, ó dúró níwájú àwọn òbí, ó ní kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn wọn. Ẹ má tìtorí èyí sọ Rimland dòrìṣà o. Nígbà tó dàgbà, òun náà bá àwọn tó ń ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á lọ.

Bàbá mìíràn tún ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ 11 wọ̀nyẹn ni Donald Triplett, ọmọ ìlú Forest ní Mississippi. Àwọn dókítà ní kí wọ́n fi í sílé ìtọ́jú, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, àwọn òbí rẹ̀ lọ gbé e wálé. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, wá jókòó ní 1938, ó kọ lẹ́tà olójú-ewé 33 sí Kanner: bí ọmọ ṣe ń jẹun, bó ṣe ń mú nǹkan yí pòòyì, irú ọ̀rọ̀ tó ń sọ àti ìgbà tó ń sọ ọ́. Orí lẹ́tà yẹn ni Kanner ti bẹ̀rẹ̀. Donald lọ sí yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó rin ìrìn àjò káàkiri ayé, ó sì kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 89. Lẹ́tà bàbá kan wà ní ìpìlẹ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa ọ́tísíìmù. Mo fẹ́ kí àwọn bàbá Ọ̀tà gbọ́ èyí.

Kí wá ni àwọn onímọ̀ rí nígbà tí wọ́n fi ìyá sílẹ̀? Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter ṣèwádìí nípa ìbejì ní Ìlú Ọba, ìbejì méjì-méjì 21 tó jẹ́ pé ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ní ọ́tísíìmù. Nínú àwọn tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn méjèèjì ní in nínú ìbejì méjì-méjì mẹ́rin nínú 11. Nínú àwọn tí ẹyin wọn yàtọ̀, kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. (Àwa tí a ń bí ìbejì jù láyé rèé, ẹlòmíràn ló fi ìbejì tirẹ̀ wá a rí.) Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àbùdá tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún. Ọjọ́ orí òbí, bíbí ọmọ ní kògbókògbó àti àwọn ìṣòro oyún kan lè dá kún un. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní 2021, ẹnì kan nínú èèyàn 127 láyé ló ní in. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń rí i lára ọmọ kan nínú 31 tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Iye náà ga lọ́hùn-ún pàápàá nítorí pé wọ́n ń wá a, wọ́n sì ti fẹ ìtumọ̀ rẹ̀.

Yorùbá ní òwe kan tí mo kà sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lódì: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield ṣe mú ayé nìyẹn. Ní 1998, ó tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lórí ọmọ 12 péré, ó sì fi dọ́gbọ́n so ọ́tísíìmù mọ́ abẹ́rẹ́ MMR tó ń dènà èèyi, ṣegede àti rubella. Ọmọ ọdún kan lé díẹ̀ ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ yẹn, ọjọ́ orí yẹn gan-an sì ni àmì ọ́tísíìmù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Abẹ́rẹ́ lánàá, ìdákẹ́ lónìí. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fa ìwádìí ọ̀hún ya, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ Wakefield. Ní 2019, ìwádìí kan ní Denmark tó wo ọmọ tó lé ní 650,000 kò rí ìsopọ̀ kankan. Ìró rẹ̀ ṣì ń dé etí wa ní Ṣàngó.

Ti parasítámọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Ààrẹ Donald Trump sọ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n má ṣe lò ó, pé ó lè fa ọ́tísíìmù. WHO dáhùn pé kò sí ẹ̀rí tó fìdí ìyẹn múlẹ̀. Ìwádìí tó tóbi jù lórí rẹ̀ jáde láti Sweden ní 2024, lórí ọmọ tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀: nígbà tí wọ́n fi ọmọ ìyá kan wé èkejì, ìsopọ̀ náà pòórá. Ẹ tún wò ó, ìyá ni wọ́n tún nawọ́ sí.

Ìbéèrè kan wà ní Ọ̀tà tí kò jẹ́ ti àjẹ́, tí mo sì kà sí ìbéèrè gidi: èéfín ńkọ́? Ààrin ilé iṣẹ́ irin, ike àti kẹ́míkà là ń gbé. Àwọn ìwádìí kan ti rí i pé atẹ́gùn ìdọ̀tí tí aláboyún ń fà símú lè fi díẹ̀ kún ewu náà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ọmọ kan kó ní ṣímínì báyìí ló ṣe é. Òjé yàtọ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, ó pa ọmọ tó lé ní 400. Ní Ògíjò, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní 2025 fi hàn pé òjé láti ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù ti wọ ara òṣìṣẹ́ àti ọmọdé. Òjé kì í ṣe ọ́tísíìmù, ṣùgbọ́n ó lè dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró, ó lè sọ ọmọ di oníwàdùwàdù. Bàbá tó ń bá wọn yọ́ bátìrì, tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ wálé kó tó gbé ọmọ, kó dákun bọ́ ọ síta, kó sì béèrè àyẹ̀wò òjé fún ọmọ náà.

Ọ́tísíìmù gan-an, báwo ló ṣe ń rí? Ọmọ mi kò pe orúkọ mi fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ ó lè ké bí kọ̀ńdọ́kítọ̀: "Tollgate, Alákùkọ, Abúlé-Ẹ̀gbá, Ìyànà-Ìpájà, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà gẹ́lẹ́, títí dé ibi tó ti ń fa ohùn gùn. Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ní ẹ̀mí kan ló ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ ló là mí lóye pé ọ̀nà kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọ́ èdè nìyẹn: ó ń gbé odidi gbólóhùn mì, kó tó máa já a sí wẹ́wẹ́. A wá ṣàkíyèsí pé ìgbà tó bá fẹ́ jáde nílé ló máa ń ké e. Ó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wa ni.

Ó máa ń to ìdérí ìgò mínírà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ àga. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá dún, á di etí méjèèjì, á sì máa mì síwá sẹ́yìn. Mo máa ń jókòó tì í, n óò na ìdérí kan sí i, n óò sì dúró. Ní ọjọ́ tó bá gbà á, á wo ojú mi. Ẹ̀kọ́ ni èyí: WHO ní ètò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fún òbí àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́sàn-án, ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò ilé mẹ́ta, tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè kọ́ni. Kókó inú rẹ̀ ni pé kí òbí wọ inú eré tí ọmọ ń ṣe, kó má fa ọmọ jáde kúrò nínú eré.

Oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù kò sí. Ẹni tó bá ní òun ní in, ì báà jẹ́ àgbo, ì báà jẹ́ pàṣán ìtúsílẹ̀ lórí òkè àdúrà, ẹ sá fún un. Àdúrà kò burú. Ọmọ ni kí ẹ má nà.

Ṣàngó kò jìnnà síbi ìrànlọ́wọ́. Lápá kan ojú ọ̀nà, Arò wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ tí Thomas Adéoyè Lambo sọ di olókìkí láti 1954. Lápá kejì, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ti Yábàá ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ní Ìkẹjà, Dọ̀tun Akande, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní 2006. Òfin tó kà á léèwọ̀ láti fi ojú ẹ̀tanú wo aláàbọ̀ ara ti wà láti oṣù kìíní 2019, ọmọ yín sì wà lára àwọn tó dáàbò bò.

Ẹ̀yin tó ń darí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Adó-Odò/Ọ̀tà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ọmọ ń wá sọ́dọ̀ yín fún abẹ́rẹ́ èèyi kejì ní oṣù 15. Kí nọ́ọ̀sì bèèrè lọ́jọ́ yẹn: bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń wẹ̀yìn? Ṣé ó ń na ìka sí ohun tó fẹ́ kí ẹ rí? Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìbéèrè 20 tí wọ́n ń pè ní M-CHAT wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ oṣù 16 sí 30, kò gbowó, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ̀yin bàbá, pàápàá ẹ̀yin tó ń ṣe ṣíìfù òru, tó jẹ́ pé oorun lẹ máa ń wọlé wá sùn, ẹ má jẹ́ kí ìyá nìkan máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ohun tí ọmọ ń ṣe àti ìgbà tó ń ṣe é sínú rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún dókítà fúnra yín.